Olùṣọ́ Òkun Tó Jókòó sí Kàbbà

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rin ìrìn àjò láti Kàbbà dé etí òkun rí, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó kù pé ọ̀nà náà jìn. Ènìyàn á kọ́kọ́ wọ mọ́tò dé Lọ́kọ́jà níbi tí odò Ọya àti odò Bénúé ti pàdé, á wá tẹ̀lé omi náà lọ sí ìsàlẹ̀ títí ìdí rẹ̀ yóò fi kú lórí ìjókòó, kó tó gbúròó ìgbì. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Kàbbà ló kú láìfojú kan òkun, èyí kò sì dín ọlá wọn kù. Síbẹ̀ ìlú wa yìí náà ni ìjọba fi ẹni tí yóò máa ṣọ́ òkun sí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí pé a máa ń kí ara wa ní "okun o", ìkíni ilẹ̀ wa tó fara jọ òkun létí, ni. Ìjọba kò gbọ́ kíkí wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, ní àwọn ọdún tí Ìlọrin ṣì jẹ́ olú ìlú wa, ariwo ta pé àwọn aláìláàánú kan kó májèlé wá dà sí etí omi lápá ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó, wọ́n ronú, wọ́n sì rí òtítọ́ kan. Òjò tó bá rọ̀ sí Kàbbà ni í gbá ìdọ̀tí ojúde lọ sínú odò kékeré. Odò kékeré á gbé e fún odò ńlá, odò ńlá á gbé e fún Ọya, Ọya á sì gbé e fún òkun. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí òkun mọ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ọgbọ́n gidi ni. Kò sí ibi tí ọgbọ́n náà kù sí àfi ọwọ́ ẹni tí wọ́n gbé e lé.

Isaiah Oyèbánjí ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Ọmọ Kàbbà ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rélùwéè, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Ó ṣe akọ̀wé títí ní Ìlọrin, ó di ẹni àádọ́ta ọdún kí ó tó padà wálé pẹ̀lú ikùn tó yọ síwájú àti oyè kan tó gùn ju ikùn náà lọ: Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Dídènà Ọ̀gbàrá Ẹlẹ́gbin Tí Ń Lọ Sínú Òkun, Ẹ̀ka Kàbbà àti Agbègbè Rẹ̀. Pátákó tí wọ́n rì síwájú ọ́fíìsì rẹ̀ kò gba oyè náà tán. Wọ́n kọ ìyókù sí ẹ̀yìn pátákó, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òun dé ní láti pòòyì yí i ká.

Òun alára kò rí òkun rí. Kàlẹ́ńdà kan ló ní, tí àwòrán òkun wà lórí rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ sí ìdojúkọ àga rẹ̀. Ní àràárọ̀, akọ̀wé rẹ̀ tó ń jẹ́ Philip á fi àkísà nu kàlẹ́ńdà náà, á wá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ránkádédé!"

"Philip, báwo ni òkun ṣe jí?"

"Ó jí ire, sà. Ó ní kí n bá òun kí yín."

"Ṣé wọn ò da nǹkan kan sí i lánàá?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀, sà, tí ẹ̀yin wà láyé?"

Oyèbánjí á wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù ayé sọ̀, á ní kí wọ́n gbé tíì wá.

Òfin tó kọ́kọ́ ṣe ni pé gbogbo ewúrẹ́ Kàbbà gbọ́dọ̀ wọlé bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, kí òjò má baà gbá ìgbẹ́ wọn lọ sínú òkun. Wọ́n lẹ òfin náà mọ́ igi káàkiri, àwọn ewúrẹ́ sì jẹ ìwé rẹ̀. Èkejì ni pé kí ẹnikẹ́ni má da omi ìfọṣọ nù àyàfi bí òun bá fọn fèrè. Ẹ̀kẹta ló dùn mọ́ mi jù. Ó gbé àga fún sójà kan tó ti fẹ̀yìntì sí orí afárá odò Àtẹ́rẹ́, ó fún un ní ìwé ńlá kan, ó ní kó máa kọ gbogbo ohun tó bá gba abẹ́ afárá kọjá lọ sí òkun. Sójà jókòó di ìrọ̀lẹ́, ó kọ ọ́ pé: "Omi kọjá." Lọ́jọ́ kejì ó kọ ọ́ pé: "Omi tún kọjá." Oyèbánjí fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin.

Láàárín àkókò yìí, inú ń run àwọn ọmọdé ní àdúgbò Ìsàlẹ̀ Odò, níbi tí wọ́n ti ń pọn omi Àtẹ́rẹ́ mu. Philip mú ọ̀rọ̀ náà wá sọ lọ́jọ́ kan tí ó gbàgbé ara rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní: "Ti ilé ìwòsàn nìyẹn. Èmi, òkun ni tèmi."

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa ilé rẹ̀ díẹ̀. Orí òkè àpáta ló kọ́ ọ sí, kí gbogbo ènìyàn lè máa gbójú sókè wò ó. Ilé náà ló kọ́kọ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi ní gbogbo àdúgbò wọn, èyí tí wọ́n ń fa ṣéènì rẹ̀ tí omi yóò sì ya wálẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Àlejò tó bá wá kí i, á mú un lọ síbẹ̀, á fa ṣéènì, á gbé ọwọ́ sókè pé kí onítọ̀hún dákẹ́ kó sì fetí sílẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Bí ìgbì ṣe ń dún gan-an nìyẹn." Nígbà tí wọ́n ń kọ́lé náà, bíríkìlà sọ fún un pé àpáta ni ilẹ̀, pé kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ á gba oṣù méjì kó tó jìn dáadáa. Oyèbánjí kò ní oṣù méjì. Ó ní kí wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀ kí wọ́n fi gbé e lọ síbi tí ojú òun kò ní tó. Bíríkìlà gbé e lọ síbi tí ojú rẹ̀ kò tó, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè.

Ìgbà tí òjò ń rọ̀ ni lẹ́tà dé láti Ìlọrin. Kọmíṣọ́nà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún òní láti wo iṣẹ́ tí Kàbbà ti ṣe, òṣìṣẹ́ tó bá sì ta yọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ ni wọn yóò rán lọ sí ìpàdé kan ní ìlú òyìnbó, ní ilé ìtura tó wà létí òkun. Oyèbánjí ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí nígbà mẹ́ta. Ó wo kàlẹ́ńdà. Omi lé sí i lójú, mi ò sì ní fi ìyẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́, nítorí ó wù ú tọkàntọkàn láti rí òkun.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ló fẹ́ fi hàn? Ìwé "omi kọjá" kò tó. Ó nílò ọ̀daràn. Òun àti Philip bá jáde láti wá a kiri ìlú, wọn kò sì rìn jìnnà tí wọ́n fi rí obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀ dé ìgúnpá.

Rhoda ni, ìyá Sarah, aláró. Ìkòkò aró mẹ́sàn-án ló wà lágbàlá rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi wọ́n lé e lọ́wọ́, èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò sì gbẹ rí láti ìgbà tí wọn kò tí ì bí ọkọ rẹ̀. Aró kì í ṣe omi lásán. Ó ń jẹun, ó ń mí. Bí a kò bá rò ó, tí a kò bu omi eérú fún un, yóò kú bí ohun ẹlẹ́mìí. Láti ọjọ́ tí ọkọ Rhoda ti ṣaláìsí, ìkòkò wọ̀nyí ló ń bọ́ ọmọ mẹ́rin.

"Ìyá Sarah," ni Oyèbánjí wí, ó gbé ọwọ́ lé àyà, "òkun ń sunkún nítorí yín."

Rhoda wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. "Èmi, sà? Kí ni mo fi ṣe é?"

"Aró yìí, níbo ló ń lọ?"

"Ara aṣọ ló ń lọ, sà."

"Èyí tó bá ṣẹ́kù ńkọ́?"

"Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀un ni. A kì í dà á nù. Omi eérú ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀." Lóòótọ́ ni, àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sanra bí ọmọ olówó.

Oyèbánjí fa ọrùn yọ, ó wo inú ìkòkò. "Philip, kọ ọ́ sílẹ̀ pé búlúù ni."

"Mo ti kọ ọ́, sà." Philip fi bírò họ orí. "Ṣùgbọ́n, Ránkádédé, ṣé ẹ rántí kàlẹ́ńdà yẹn? Òkun náà, búlúù ni."

Oyèbánjí di akọ̀wé rẹ̀ mú léjìká. "Philip! Orí rẹ pé! Òun ló ti ń pa á láró láti ọjọ́ yìí!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni wọ́n ti dá láyé yìí tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tó ìyẹn.

Wọ́n fi okùn di ẹnu ìkòkò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, wọ́n kán ìda pupa sí i, Oyèbánjí sì lu òǹtẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ tí Kọmíṣọ́nà bá dé, òun yóò fi ọmọ odó irin fọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ayé. Rhoda kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní kó jẹ́ kí òun kàn máa rò wọ́n lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kí wọ́n má kú. Oyèbánjí ní òfin ni òfin. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Rhoda jókòó sí ìdí ìkòkò tó dàgbà jù nínú ti ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di opó lẹ́ẹ̀kejì.

Ìròyìn dé etí Yéjídé, olórí àwọn obìnrin àdúgbò. Ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni, ó tẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tẹ̀. Ó mú ọ̀pá, ó di ọ́fíìsì.

"Ìyá, okun o," ni Philip wí. "Ẹni tí ẹ fẹ́ rí ń bá òkun sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

"Bá mi sọ fún òkun pé kó ní sùúrù." Ó wọlé, ó jókòó láìdúró kí wọ́n fi àga lọ̀ ọ́. "Isaiah, èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ. Ta ló rí aró Rhoda tó dé odò?"

"Ìyá, ìwé ló sọ ọ́."

"Ṣé ìwé náà lọ síbẹ̀?"

Oyèbánjí nawọ́ sí ìwé ńlá kan lórí tábìlì, èyí tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí i pé kó máa tẹ̀ lé. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ló ti kà, nítorí ibẹ̀ ni àwòrán òkun wà. Ó ní kí Philip ka èyíkéyìí níbẹ̀ sétí ìyá kó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ agbára ni. Philip ṣí i láàárín, ó kà á jáde: bí a bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀gbin ti ń wọ odò, kí a da omi aláwọ̀ sí ojú àgbàrá ilé, kí a sì lọ dúró létí odò láti wò ó bóyá yóò yọ síbẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí dára," ni Yéjídé wí. "Ẹ dán an wò. Bí aró bá yọ, ẹ fọ́ ìkòkò. Bí kò bá yọ, ẹ tú okùn."

Oyèbánjí rò ó wò. Ó fojú inú rí Kọmíṣọ́nà lábẹ́ àtíbàbà, ó rí omi búlúù tó ń yọ bọ̀, ó rí ara rẹ̀ tó ń nawọ́ sí i, ó sì gbọ́ àtẹ́wọ́. Ó gbà lójú ẹsẹ̀. Ìṣòro kan ló kù: igbó etí odò gbọ́dọ̀ di yíyẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ pa àtíbàbà, kí àwọn ọlọ́kọ́ sì wà nílẹ̀ láti gbẹ́ ojú àgbàrá. Bí ó bá pè é ní iṣẹ́ ìjọba, á ní láti kọ̀wé sí Ìlọrin kí wọ́n fi lébìrà ránṣẹ́, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì dé lọ́dún tó ń bọ̀. Ó pe ìlú jọ síwájú ọjà, ó kéde pé òun bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀.

Yéjídé dìde. "Ọ̀wẹ̀ ni, àbí iṣẹ́ ọba?"

"Ọ̀wẹ̀ ni, Ìyá."

"Ọ̀wẹ̀ tìrẹ?"

"Ọ̀wẹ̀ tèmi, èmi Isaiah Oyèbánjí, Olùdarí Àgbà Pátápátá!"

"Gbogbo yín gbọ́ o," ni ìyá wí, ó sì jókòó.

Ẹni tó bá dàgbà ní Kàbbà mọ ohun tí Yéjídé ń wádìí. Bí ènìyàn bá bẹ ọ̀wẹ̀, ohun méjì ló di dandan fún un. Èkíní, òun ni yóò bọ́ gbogbo ọlọ́wẹ̀ yó. Èkejì, ilẹ̀ tirẹ̀ ni wọn yóò ti fi ọwọ́ lé iṣẹ́, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, kí wọ́n tó kan ti ẹlòmíràn. A kì í bẹ ọ̀wẹ̀ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ebè olóko mìíràn. Àwọn ọmọ kéékèèké mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Kàdúná ni Oyèbánjí ti kékeré gbé, àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un lọ́jọ́ náà sì dùn mọ́ ọn dé ibi tí kò fi rí i pé ẹ̀rín ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Fúnra rẹ̀ ló lọ yan ibi tí wọn yóò pa àtíbàbà sí. Ó rin etí Àtẹ́rẹ́ lọ, ó rin ín bọ̀, títí ó fi kan ibì kan tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀, tí ewé kókò ibẹ̀ fẹ̀ tó agbòòrùn. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo etí odò. "Ẹ wò ó bí ilẹ̀ ṣe ń bu ọlá fún wa," ni ó wí. "Ibí ni kí Kọmíṣọ́nà jókòó."

Ọjọ́ pé. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ tí Oyèbánjí ti gbé agbádá funfun wọ̀, ó jáde nílé láìdúró jẹun. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù tí Philip àti àwọn ẹlẹ́rìí méjì fi dé agbolé Rhoda, wọ́n tú okùn ìkòkò kan ṣoṣo, wọ́n bu garawa aró kan dà sí ojú àgbàrá rẹ̀. Rhoda dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ká ọwọ́ mọ́ra. Yéjídé bu garawa mẹ́ta nínú ìkòkò kan náà, ó gbé wọn lé àwọn obìnrin lórí. Philip bi í pé níbo ni wọ́n ń gbé e lọ. Ó ní: "Ọ̀wẹ̀ ni à ń lọ, ọmọ mi."

Kọmíṣọ́nà dé pẹ̀lú mọ́tò méjì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gbé e jókòó láàárín ewé kókò. Kò pẹ́ tó fi yọ áńkáṣífù, ó fi bo imú.

"Òórùn kí nìyí?"

"Òórùn òkun ni, sà," ni Oyèbánjí wí. "A ti sún mọ́ ọn."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn débi pé òjìji igi kúrò lórí àwọn àgbà ìlú, ó sì tún padà dé orí wọn. Ó ní bí kì í bá ṣe ti òun ni, ẹja kan kì bá tí ṣẹ́kù nínú òkun. Ó ní àwọn erinmi ń gbàdúrà fún Kàbbà. Ó ní ìgbà tí òun gba iṣẹ́ yìí, òkun ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sá lọ sí ìlú mìíràn, òun lòun bẹ̀ ẹ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá mí, sójà orí afárá a kígbe pé, "Yauwá!"

"Lónìí," ló ń wí, "ẹ ó fojú yín rí ọ̀tá òkun! Ẹ ó rí i tí aró obìnrin kan..."

Ibẹ̀ ló dé tí ẹnìkan fi ké. Láti abẹ́ ewé kókò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Kọmíṣọ́nà, omi búlúù ń ya jáde wá, ó ń wọ́ lọ sínú odò.

Inú Oyèbánjí dùn débi pé ó fò sókè, agbádá àti gbogbo rẹ̀. "Ó ti yọ! Ẹ wò ó! Aró Rhoda nìyẹn! Ẹ gbé ọmọ odó irin wá!" Rhoda tó wà lẹ́yìn èrò bo ojú. Àwọn ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn lára.

Kọmíṣọ́nà gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú omi, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. "Kò yọ láti ojú àgbàrá. Inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́ lọ."

"Èmi ni yóò ṣíwájú!" ni Oyèbánjí wí.

Òun náà ló ṣíwájú. Àwọn ọlọ́wẹ̀ fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ẹnu ọkọ́ sì kan páìpù. "Ẹ rí àrékérekè obìnrin! Páìpù ló rì mọ́lẹ̀ o!" Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń jó, gbogbo ìlú ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Wọ́n dé ìkóríta. Agbolé Rhoda wà lápá òsì. Páìpù yà sápá ọ̀tún.

"Ó fẹ́ fi yí wa ká ni," ni Oyèbánjí wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ijó rẹ̀ di ìrìn. Nígbà tó yá, ó rí òdòdó kan tó mọ̀, ó tún rí òmíràn tí ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ó rántí bíríkìlà kan, ó rántí àpáta, ó rántí ọ̀rọ̀ kan tó sọ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn pé kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ojú òun kò ní tó. Ó yíjú padà sí èrò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ tí eyín kò bá a lọ́wọ́ sí i.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, oòrùn ti mú. Kọmíṣọ́nà wa kò tí ì jẹun. Ẹ jẹ́ ká fi ìyókù sílẹ̀ di ọ̀la."

"Ó ti kù díẹ̀," ni Kọmíṣọ́nà wí.

Ọkọ́ tó kẹ́yìn fọ́ páìpù náà lábẹ́ ògiri ilé Oyèbánjí gan-an. Bí gbogbo wọ́n ṣe dúró síbẹ̀, wọ́n gbọ́ ariwo kan nínú ilé, ariwo tí gbogbo àlejò ilé náà mọ̀, tó ń dún bí ìgbì. Aró ya jáde lójú páìpù tó fọ́, ó fò sókè, ó sì bọ́ sára agbádá funfun láti àyà dé ìsàlẹ̀.

Yéjídé yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú garawa òfìfo. "Okun o, gbogbo yín. A ti ṣe tonílé tán. Ilé kejì ló kàn."

Florence, ìyàwó Oyèbánjí, dúró lẹ́yìn ìyá, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ṣéènì ilé ìgbọ̀nsẹ̀. "Bàbá Benjamin, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bẹ ọ̀wẹ̀. Mi ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọlọ́wẹ̀."

"Ilé ta ni èyí?" ni Kọmíṣọ́nà bi Philip.

Philip wo ọ̀gá rẹ̀. Ó wo Kọmíṣọ́nà. Ó wá ọ̀rọ̀ dídùn kan nínú ikùn rẹ̀, kò rí i. "Sà," ni ó wí níkẹyìn, "ibí ni òkun ti bẹ̀rẹ̀."

Oyèbánjí ṣì gbìyànjú. Ó ní ìwé kò dárúkọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba mọ́ àwọn ohun tó ń ba òkun jẹ́. Kọmíṣọ́nà gba ìwé náà lọ́wọ́ Philip, ó ṣí ojú ìwé kejì, ó fi ìka tọ́ka sí i, ó ní kó kà á sókè. Ó kà á: "Kí a kọ́kọ́ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ilé." Àwọn ìyá Ìsàlẹ̀ Odò tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń wò ó, ìwò yẹn ló sì wọ̀ ọ́ lára ju ohun gbogbo tí wọ́n ṣe fún un lọ. Àwọn ẹlẹ́rìí dé láti agbolé Rhoda, wọ́n ní aró tí wọ́n dà síbẹ̀ kò dé ẹnu ọ̀nà, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló mu gbogbo rẹ̀.

Iyán àti ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n sè fún Kọmíṣọ́nà, àwọn ọlọ́wẹ̀ ló jẹ ẹ́. Florence ló bù ú fún wọn, ó sì bù ú kún. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti hú pátákó. Oyèbánjí kò lọ sí ìlú òyìnbó. Ilé ni wọ́n ní kó lọ jókòó sí títí wọn yóò fi rí ibi tí wọn yóò fi í sí, àwọn ará Ìlọrin kì í sì í tètè rí ibi. Ó fi àsìkò náà gbẹ́ kòtò nínú àpáta pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ àti ti àwọn tó ṣàánú rẹ̀. Oṣù méjì ló gbà, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ṣe sọ. Inú àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Odò ti fúyẹ́ kó tó parí rẹ̀.

Rhoda ti tú okùn. Mẹ́jọ nínú àwọn ìkòkò náà sọjí nígbà tó rò wọ́n. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò sọjí. Ó bu omi eérú fún un, ó sọ̀rọ̀ sí i, ó tẹ́tí sí i. Omi náà rọ̀ sílẹ̀, ó ń rùn bí ẹja. Ó dun Rhoda dé egungun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni aró náà kú sí, lẹ́yìn tí gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti pa á mọ́.

Ní ọjọ́ kejì tó gbẹ́ kòtò tán, Oyèbánjí wá, ó fi agbádá alábààwọ́n náà há abíyá. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun pa gbogbo rẹ̀ láró, nítorí ọṣẹ kankan kò mú àbààwọ́n náà kúrò.

"Ẹ gbé e kalẹ̀ síbẹ̀, sà," ni Rhoda wí. Kò gbójú sókè. "Ìkòkò tí n bá pa á sí ti kú. Ẹ̀yin lẹ dì í lẹ́nu."

Oyèbánjí dúró, ó ń wo ìkòkò. "Ìyá Sarah, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí níkẹyìn, "ṣé wọ́n lè tún òmíràn bẹ̀rẹ̀?"

"Ewé èlú ni wọ́n ń gún. Ó nira."

Oyèbánjí bọ́ ẹ̀wù, ó gba ọmọ odó. Ó gún un ní búburú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn obìnrin fi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó ń jó eérú, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń pọn omi, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú títí dé ọrùn ọwọ́. Rhoda kò dárí jì í lójú ẹsẹ̀, kì í sì í ṣe èmi ni yóò sọ pé ó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ karùn-ún, ó fún un ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, Oyèbánjí ló kọ́kọ́ dé ìdí ìkòkò. Ó ṣí i. Ìfófó búlúù ti bò ó lójú, ó ń hó lábẹ́lẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Oyèbánjí figbe ta débi pé adìyẹ fò lórí ògiri.

"Ó ti jí! Ẹ wá wò ó o! Ìyá Sarah, aró ti jí!"

Rhoda sáré jáde, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ìka náà búlúù. Ó dì mọ́ ìkòkò, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Oyèbánjí ń jó yí àwọn méjèèjì ká, ó ń pe gbogbo àdúgbò, ó ní irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí ní gbogbo ayé.

Yéjídé yọjú láti ilé kejì, ó wò ó tìyanu-tìyanu.

"Isaiah," ni ó wí, "rọra. Ìkòkò aró ni, kì í ṣe òkun."